Ìkúnlẹ̀ ní Àgbàlá Òtẹ́ẹ̀lì

Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún ìyá mi ní Àkúrẹ́ ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní orúnkún méjèèjì ti jẹ tán, òun máa fi irin sí i, Màmá á sì tún máa rìn bí ọmọge. Inú ìyá mi dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí dókítà fi kún un, bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan, pé tí irin bá ti wọlé, Màmá kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ mọ́ láyé.

"Kí n má kúnlẹ̀ mọ́?" ni ìyá mi bi í. "Báwo ni mo ṣe wá fẹ́ máa kí èèyàn?"

Dókítà ní kó máa juwọ́. Ẹ gbọ́ o, ọmọ Yorùbá! Ó ní kí obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún máa juwọ́ sí àgbà. Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn tó ju ìyá mi lọ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ìyá mi ń rò ní tirẹ̀.

A kò tíì dé ìdí mọ́tò tó fi sọ ọ́ jáde. Ó ní òun ò ní wọ tíátà, àfi tí òun bá kọ́kọ́ lọ sí Ìdànrè lọ kúnlẹ̀ kí bàbá òun. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àgbàlá ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sin òun síbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, kí òun lè máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ṣe bó ṣe wí. Wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé e, wọ́n gbé e ga díẹ̀, wọ́n sì ń sá kòkó lórí rẹ̀ lọ. Èmi náà máa ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí bàbá àgbà nígbà tí mo bá lọ lo ọlidé, kò sì bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé tó bá ti ìrìn àjò dé, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí, á ní, "Bàbá, mo ti dé o," kó tó fẹnu kan omi. Ìyá mi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ìyá ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé. Ó ní ìkíni kì í ṣe ìbọ̀rìṣà.

Ohun tó wá ṣòro níbẹ̀ ni pé ilé náà ti di òtẹ́ẹ̀lì. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Èkó, ló gbé e fún àwọn oníṣòwò kan pé kí wọ́n máa lò ó. Kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè, torí obìnrin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin sì ti ní ilé ọkọ. Ìyá mi bínú, kò sì débẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n orúnkún kì í dúró de ìbínú.

Mo pe òtẹ́ẹ̀lì náà lórí fóònù. Mo ní a kàn fẹ́ yà wọlé díẹ̀ ni, ká kí bàbá wa, ká máa lọ. Obìnrin tó gbé e ní kò sí bàbá kankan níbẹ̀, pé ẹni tí kò bá sì gba yàrá kò lè wọ àgbàlá, torí ilé àtayébáyé ni, wọ́n ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Mo bá gba yàrá. Bí mo ṣe gba yàrá nílé bàbá ìyá mi nìyẹn o. Obìnrin náà tún bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa wá sí Ìdànrè nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, ìyá mi wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ gba ara Olúwa. Oòrùn mú, a kọjá Aládé, a kọjá Atosin, mo na omi sí i, ó ní òun á mu ún tí òun bá kí bàbá òun tán. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo ní, "Mọ́mì, Bàbá ò ní bínú torí omi díẹ̀." Ó ní, "Ṣé ìwọ lo bí wọn ni, àbí èmi ni wọ́n bí?"

Nígbà tí a dé, a rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé àwọn baba ńlá ló gbé òkúta ilé yìí sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè. Ìyá mi kà á, ó tún un kà. Òkúta wo? Bíríkì ni ilé náà, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìyá mi gan-an sì wà lára àwọn ọmọ tó pọnmi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni òrùlé. Wọ́n ti ṣí páànù kúrò, wọ́n fi koríko bò ó. Bàbá ìyá mi fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó lè kúrò lábẹ́ koríko, wọ́n wá dá a padà síbẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, éésì sì ń kùn lábẹ́ koríko náà.

Màdáámù tó ń bójú tó òtẹ́ẹ̀lì jáde wá pàdé wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lé láàádọ́ta ọdún díẹ̀, ó gbé sobo tútù sínú igbá. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fara ti ògiri, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni." Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn rẹ́. Ó ní òun ò ní mu sobo, òun ò tíì kí onílé.

"Èmi nìyí mà," ni màdáámù wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi wò ó láti òkè délẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń tọ àgbàlá lọ, kò bi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Mo wo àgbàlá títí, mi ò rí ibojì. Ẹ wò ó, ibojì wà níwájú mi, mi ò dá a mọ̀ ni. Wọ́n ti fi aṣọ tí wọ́n ya awọ ẹkùn sí bò ó, wọ́n to ìrọ̀rí sí i, wọ́n sì ri pátákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ÌTẸ́ ỌBA ÀTIJỌ́. Ẹ JÓKÒÓ, Ẹ YA FỌ́TÒ. Yéè! Bàbá ìyá mi tí kò jẹ oyè kankan láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lù, ìgbà tó kú tán ló wá jọba. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àbúrò ìyá mi bẹ̀rù pé kò sẹ́ni tó máa gba ilé tí sàréè wà láàárín rẹ̀, ó bá ha àgbélébùú àti orúkọ kúrò. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí lèyí, ó ní ibẹ̀ ni Bàbá máa ń wà. Irọ́ kọ́ o. Wọ́n ní ṣé ọba ni Bàbá ni, ó dákẹ́.

Àwọn àlejò tò síwájú ìtẹ́ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Ìdànrè sọ̀ ni, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin kan ló wà lórí bàbá àgbà nígbà náà, ó dé adé ìlẹ̀kẹ̀ tí òtẹ́ẹ̀lì fi ń dá àlejò lára yá, ó di ìrùkẹ̀rẹ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀," ni mo wí.

"Ìgbà wo ni mo tò lórí ìlà rí kí n tó kí bàbá mi?" Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀, ó ké díẹ̀, ó sinmi, ó fi ti òsì tẹ̀ lé e. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó sì tẹrí ba.

Ọmọbìnrin náà figbe ta. "Háà! Màmá! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́! Kí ni mo ṣe?" Ó bẹ́ sílẹ̀, adé já bọ́, òun náà kúnlẹ̀ gbì. Ta ló máa dúró kí arúgbó wà lórí ìkúnlẹ̀? Àwọn obìnrin orí ìlà kúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn míì ò sì rí ara gbé dìde, torí òkè ti gba agbára ẹsẹ̀ wọn. Màdáámù sáré dé, ó bá gbogbo àlejò rẹ̀ nílẹ̀, kò bèèrè ohun tó fà á, òun náà kúnlẹ̀. Èmi tí mo gbé báàgì àti ọ̀pá ni mo kúnlẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń kí, ọmọ mi," ni ìyá mi sọ fún ọmọbìnrin náà. "Bàbá mi ni."

"Níbo ni wọ́n wà, mà?"

"Ìwọ lo jókòó lé wọn lórí yẹn."

Ìyá mi wá fi èdè Ìdànrè bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ọmọ tó ti oko dé ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, Bàbá, mo ti dé o. Ó ní wọ́n fẹ́ ki irin bọ òun lórúnkún, èyí sì ni ìkúnlẹ̀ ìkẹyìn. Tí ẹ ò bá rí mi lórí ìkúnlẹ̀ mọ́, ẹ má sọ pé ọmọ yín ti di agbéraga. Irin ni o, Bàbá. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi.

Àwa àti àwọn àlejò la jọ gbé e dìde. Ó béèrè omi, ó mu ún tán, ó tún béèrè òmíràn. Ọmọbìnrin náà ká aṣọ ẹkùn kúrò, ó ń bẹ sìmẹ́ǹtì pé kó má bínú.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí a ń jẹ dòdò àti ẹyin, màdáámù wá bá wa. Mo ṣe bí ó wá tọrọ àforíjì ni. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá wọ àwọn àlejò lára gan-an, àmọ́ fídíò tí wọ́n rí yà ò mọ́lẹ̀ tó. Ṣé Màmá lè ṣàánú àwọn, kí wọ́n tún kúnlẹ̀ díẹ̀? Inú bí mi, mo fẹ́ fọ̀rọ̀ gún un lára, ṣùgbọ́n ìyá mi ti dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

"Ó ti tán, ọmọ mi. Ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún ti rí mi."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ìyá mi ń rìn káàkiri ilé, ó ń fi irin rẹ̀ yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àfi ọjọ́ Ìsinmi. Tí àlùfáà bá ní ká kúnlẹ̀, òun nìkan á jókòó gannboro láàárín ìjọ, á wá máa wo ilẹ̀. Ojú ń tì í, kò sì bò ó.

Láìpẹ́ yìí ni mo gba Ìdànrè kọjá, mo ní kí n yọjú. Wọ́n ti yọ pátákó ìtẹ́, wọ́n ti ri tuntun mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibojì onílé nìyí, pé àṣà ilé yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni pé àlejò tó bá dé á kúnlẹ̀, á ní, "Bàbá, mo ti dé o," kó tó fẹnu kan omi. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Ìdílé kan wà níbẹ̀ tó ti Àbújá wá, tọkọtaya àtàwọn ọmọ, gbogbo wọn wà nílẹ̀ níwájú ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí, màdáámù sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú sobo. Mo fi ìbínú wa mọ́tò dé Àkúrẹ́.

Mo rò ó fún ìyá mi látòkè délẹ̀. Mo ní wọ́n ti sọ ìkíni wa di ọjà, ká pe lọ́yà ni. Ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé orúnkún méjèèjì ni wọ́n fi ń kanlẹ̀," ló bi mí, "àbí wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní méjèèjì ni. Mo ní àwọn ọmọdé gan-an fi méjèèjì kanlẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí. "Fi wọ́n sílẹ̀. Kí wọ́n máa bá mi kí Bàbá."