Olóòtú Tó Rán Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ Sójú Ogun

Ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Chicago kì í pariwo. Òyìnbó ni, ojú ogun nílẹ̀ òkèèrè ló sì ti ń kọ ìròyìn kí wọ́n tó fi í ṣe olóòtú. Bí mo bá kọ ọ́ pé èèyàn mẹ́ta kú, á dá a padà fún mi: "Ṣé wọn ò lórúkọ ni?"

Lọ́dún kan, ó rán ọmọbìnrin kan láàárín wa lọ sójú ogun ní Central America. Ìbọn bà á níbẹ̀, ó sì kú. Ọ̀gá kọ̀ láti fi tẹlifóònù túfọ̀. Èmi ló ní kí n sin òun lọ bá bàbá ọmọ náà ní Oak Park, lẹ́bàá Chicago.

Bàbá náà gbọ́ tán, ó ní, "Ta ló rán an lọ?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ó fẹ́ lọ?"

"Ẹ̀rù bà á. Mo sọ fún un pé kò séwu."

Bàbá náà ò bú u. Ó kàn rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ sí mi, èmi ni mo wa mọ́tò padà. Nígbà tí iléeṣẹ́ ní kó rán ẹlòmíràn lọ, ó kọ̀wé fi ipò olóòtú sílẹ̀, ó sì lọ kọ ìròyìn ogun náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.