Òróró Ìyá Mi Lórí Irin

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Àgùdà ni mo to irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí, yípo kànga, kí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo kàn fúnra mi lè máa sáré lórí rẹ̀. Oru omi gbígbóná ló ń tì í. Bó bá dá wà, eré ló ń sá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti so wágọ́nù méjì mọ́ ọn nídìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa yí lójú kan.

Mo koná mọ́ ọn, kò gbọ́. Mo ra òjé ní Pápá Àjàó, mo dì í lé e lórí kó lè wúwo, pàbó ló já sí. Mo bú u títí ẹnu fi rẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò, tí wọ́n fi iṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì, wá wò ó. Wọn ò tilẹ̀ wo ọkọ̀. Wọ́n fi ìka ra irin ilẹ̀, ìka wọn ń dán.

"Ta ló fi òróró pa á, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀?"

Mo ti mọ̀. Lásìkò òjò, ìyá mi kì í fi irin kankan sílẹ̀ lásán kó má baà dípẹtà. Àti àgádágodo, àti màṣíìnì ìránṣọ, wọ́n á fi òróró pa gbogbo rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

A fi kẹrosíìnì nu irin yíká, a tún fi àkísà gbígbẹ nù ún. Ọkọ̀ fa wágọ́nù mẹ́rin bí ẹni fa òwú.

Ìyá mi jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé òróró mi á ràn án lọ́wọ́."

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màámi."