Irun Tí Bàbá Láoyè Sun

Ọdún 2009 ni mo kọ́kọ́ pàdé Ayọ̀délé Oyèkúnlé, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Modákẹ́kẹ́ tí mo ń wá ibi tí mo ti lè gẹ irun. Nígbà tó gẹ̀ ẹ́ tán, ó gbá irun náà jọ sórí páálí kan, ó bi mí bóyá mo fẹ́ gbé e lọ sílé ni, àbí kí òun bá mi sun ún. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irun kì í ṣe ìdọ̀tí, ara ènìyàn ni. Ó gbé e lọ sínú garawa onírin kan tó ti dúdú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ṣáná sí i, ó sì dúró tì í títí ó fi jó tán.

Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà nìyẹn láti ọjọ́ tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kí irun ẹnikẹ́ni má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Bàbá Láoyè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láoyè ni àkọ́bí rẹ̀, Tiwaladé ni àbíkẹ́yìn. Ìyá wọn kú nígbà tí Tiwaladé wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá nìkan ló sì tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà.

Láti kékeré ni Láoyè ti ń ṣa òkúta wálé. Kò yani lẹ́nu nígbà tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní yunifásítì Ifẹ̀, tó sì tún rí àyè lọ sí Nọ́wè láti kọ́ nípa yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, bàbá rẹ̀ mú un jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù.

Láoyè ní, “Bàbá, ẹ gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa o. Wọ́n ní àwọn onígbàjámọ̀ ibẹ̀ kò mọ orí èèyàn dúdú.”

“Orí tìẹ gan-an, ta ló mọ̀ ọ́n? Ó rí gbágungbàgun bí òkúta tí ò ń kó wálé.”

Nígbà tí bàbá mú ìgbálẹ̀, ọmọ náà ní kó da irun náà nù jàre, ta ló ń wá irun òun? Bàbá gbá a jọ sínú garawa. Ó sun ún bó ṣe ń sun ti gbogbo ayé.

Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni Láoyè máa ń pè lórí fóònù, tí yóò sì fi òjò dídì funfun han bàbá rẹ̀ títí ojú bàbá á fi máa ṣe bàìbàì. Ó ṣàlàyé pé yìnyín kan wà lórí òkè níbẹ̀ tó nípọn ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tó sì ń ṣàn bí odò, àmọ́ ojú kò lè rí i bó ṣe ń lọ. Nínú oṣù kẹta ọdún 2024, ó ní òun àti Ìmísí, ọmọbìnrin àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé ní yunifásítì, àti àwọn mẹ́ta mìíràn fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún la yìnyín náà kọjá. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì ni wọn yóò dè mọ́ bàtà, tí wọn yóò máa fi yọ̀ lórí òjò dídì. Ilé onípákó kéékèèké wà káàkiri orí òkè náà tí wọn yóò máa sùn sí. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Ẹni tó bá dé á dáná, á yọ́ òjò dídì mu, á kọ orúkọ sínú ìwé, á sì tún ibẹ̀ ṣe de ẹni tó ń bọ̀.

Bàbá ní, “Ahéré ni.”

“Ahéré ni, Bàbá.”

“Ta ló wá ni oko?”

“Kò sóko. Yìnyín nìkan ni.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bàbá tó bí òun sá kúrò ní ahéré wá sí ìgboro, ọmọ ọmọ rẹ̀ wá wọ bàálù lọ wá ahéré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fi í lọ́kàn balẹ̀. Ibi tí ahéré bá wà, àwọn ènìyàn ti ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń padà bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin ìrìn náà, fóònù Tiwaladé dún. Láoyè ti já sínú pàlàpálá yìnyín. Wọ́n wá a, wọn kò rí i gbé jáde.

Wọ́n gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni ẹbí jókòó. Akínkúnlé, ẹ̀gbọ́n Bàbá Láoyè, tó jẹ́ olórí ẹbí, sọ ohun tí gbogbo wọn mọ̀: ẹni tó bá kú sọ́nà jíjìn, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, irun tàbí èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú bọ̀ wá sin. Tí wọ́n bá ti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ nínú agbo ilé, ọmọ ti délé nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ṣì wà lọ́nà.

Ó ní, “Ayọ̀délé, ìwọ lo máa ń gẹ irun fún un. Ǹjẹ́ kò sí díẹ̀ tó ṣẹ́ kù?”

Bàbá Láoyè wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mo sun ún, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo sun.”

Ó tú kílípà rẹ̀ palẹ̀. Irun àjèjì ló wà níbẹ̀. Ó wo ìrọ̀rí ọmọ náà, àmọ́ Tiwaladé ti fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nínú oṣù kẹrin ni Ìmísí kọ̀wé pé fìlà onírun àgùntàn tí Láoyè máa ń dé wà lọ́wọ́ òun, òun yóò sì mú un bọ̀ nínú oṣù keje. Àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí bàbá lọ́kàn. Onígbàjámọ̀ ni, ó mọ̀ pé kò sí irú fìlà bẹ́ẹ̀ tí kì í di irun mú. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ka ọjọ́.

Ìmísí dé, ó kúnlẹ̀, ó sì ń sunkún kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní okùn kan náà ló so gbogbo àwọn pọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Láoyè dé akoto, ó sì fi fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó nínú ahéré, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, àwọn tú okùn kúrò nítorí kì í jẹ́ kí pátákó yọ̀ dáadáa. Láoyè yà díẹ̀ sápá òsì. Òjò dídì tó bo ẹnu pàlàpálá náà já lábẹ́ rẹ̀. Àwọn adóòlà fi bàálù hẹlikọ́pítà dé, wọ́n sọ ènìyàn kan kalẹ̀ sínú rẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ há gádígádí. Ìjì fi ọjọ́ mẹ́ta jà, ó sì bo ojú ibẹ̀. Nígbà tí òun padà sí ahéré náà, òun rí ohun tí Láoyè kọ sínú ìwé: “Láoyè, Modákẹ́kẹ́. A ti gbálẹ̀.”

Ó mú fìlà náà jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá.

Òórùn ọṣẹ ni bàbá kọ́kọ́ gbọ́. Ó wọ jígí rẹ̀, ó gbé fìlà náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń fi ìka yẹ ojú ìhun rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ níbẹ̀, kò rí fọ́nrán irun kan.

“Ìmísí, ìwọ lo fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni, sà. Ó ti dọ̀tí, ó ń rùn bí èéfín. Mi ò lè gbé e fún yín bẹ́ẹ̀.”

Tiwaladé yíjú sí ògiri. Bàbá mọ̀ pé bí òun bá sọ pé irun ni òun ń wá, Ìmísí yóò gbé ẹrù náà títí ayé. Ó ká fìlà náà dáadáa.

“O ṣeun, ọmọ mi. O tọ́jú rẹ̀.”

Nígbà tó yá, ó bi í pé níbo ni yìnyín náà ń ṣàn lọ. Ìmísí ní ẹsẹ̀ òkè ló ń lọ, níbẹ̀ ni yóò ti yọ́, yóò sì tu ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣírò rẹ̀ sí ogójì ọdún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Kò ní jẹrà níbẹ̀?”

“Yìnyín kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà kíákíá, sà. Ó máa ń pa á mọ́ ni.”

Bàbá jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó wo Tiwaladé, tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ní kí Ìmísí kọ orúkọ àti nọ́ńbà Tiwaladé ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá ìlú náà, kí wọ́n lè pè é lọ́jọ́ tí yìnyín bá tu Láoyè sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà pé fìlà kì í ṣe ara, kò sì ṣeé sin. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n ká, wọn kò gbẹ́ ẹ. Bàbá Láoyè ṣì ń sun irun àwọn oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Tiwaladé wà nínú àpò ìwé nínú àpótí rẹ̀. Fìlà náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àyàfi ọjọ́ Ìsinmi.