Iná Tó Wà Lẹ́yìn Òkè Ushafa

Òórùn koríko jíjó ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lọ́nà Ushafa nígbà ọyẹ́. Á dì mọ́ aṣọ, á sì mú ọ̀fun gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìjọba nígbà náà ni. Èmi ni mò ń darí dróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ní kámẹ́rà tó ń rí ooru, kí a lè tètè mọ ibi tí iná bá ti ń jó igbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ẹ̀rọ mi pọ́n lẹ́bàá òkè kan. Mo wò ó dáadáa, mo rí bàbá arúgbó kan tó ń ti iná bọ koríko, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Inú bí mi. Mo pe ọ̀gá wa, obìnrin Èkìtì kan tí kì í pariwo.

"Mà, ọwọ́ ti bà á! Ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá."

"Ká kọ́kọ́ rí i lójúkojú ná."

Bí a ti dé ibẹ̀ ni mo já ìṣáná gbà lọ́wọ́ bàbá, mo sì ń fi Hausa jágbe mọ́ ẹni tó tó bàbá mi àgbà. Kò bínú. Ó kàn nàka sí òkè náà.

"Kai, ọmọ mi, iná ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Mò ń jó koríko yìí kí ó má baà rí nǹkan jẹ débi iṣu mi."

Ọ̀gá wò mí. "Gbé ẹ̀rọ rẹ kọjá òkè yẹn."

Mo gbé e. Pupa gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ sì ń ti iná náà bọ̀ wá bá wa. Òkè ló ti bò ó mọ́ mi lójú.

Ọ̀gá pe àwọn panápaná. Kí wọ́n tó dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já ẹ̀ka tútù, a ń fi na iná. Ó dún wá bí òjò lórí páánù. Nígbà tó kan ilẹ̀ tí bàbá ti jó, ó kú. Ṣùgbọ́n ó rí àlàfo kan gbà wọlé, ibi tí bàbá kò tíì jó nígbà tí mo gba ìṣáná rẹ̀. Ibẹ̀ ló gbà jó ìdajì àká iṣu bàbá kí àwọn panápaná tó dé pa á.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eérú. Bàbá fọwọ́ kan èjìká mi. "Yauwa, dìde. O bá mi na iná."

Kò dá mi lẹ́bi rí. Èmi ni n kò tíì dá ara mi láre. Mo ti darí ẹ̀rọ tó ríran jù yẹn lọ láti ìgbà náà, síbẹ̀ bí mo bá rí ẹnì kan lẹ́bàá iná, ọkàn mi kì í yára pè é ní ọ̀daràn mọ́. Mo máa ń wá ọ̀nà lọ bi í léèrè.