Èrò Kún Gbọ̀ngàn Nígbà Tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi Jáde Dupò

Àárín àwọn ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ yìí, lásìkò tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri Calgary ní Canada. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé kí n tó wá, mo ti sá fún afẹ́fẹ́ tajútajú ọlọ́pàá dáadáa, mo sì gbà pé kò sí ohun tí òyìnbó lè kọ́ mi nípa ìbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi wá bóyá àwa tilẹ̀ gbìyànjú ohunkóhun kí ẹ tó dé, a gbìyànjú.

Ẹnjiníà ni Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, nọ́ọ̀sì sì ni Àǹtí Bísí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ra ilé sí ìlú kékeré kan ní gúúsù Calgary, lójú ọ̀nà Okotoks, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sì ti gba ìwé ọmọ Canada. Nígbà òtútù kan, ọlọ́pàá ìlú náà dá Àǹtí Bísí dúró bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ní ọkọ̀ rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n jí. Ó ní kó bọ́ sílẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọkọ̀. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà lórí ìjókòó. Ó bẹ ọlọ́pàá náà kó jẹ́ kí òun mú un, ìyẹn ní kó dúró. Nígbà tó fi máa tú u sílẹ̀, ìka méjì ti kú, wọn kò sì jí mọ́. Ìka yẹn ló fi ń wá iṣan aláìsàn kó tó gún wọn lábẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sídìí fáìlì.

Ó fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà nìkan ló jókòó lé ẹjọ́ náà lórí, kò pe Àǹtí Bísí, ó sì dájọ́ pé ọmọọṣẹ́ òun kò ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi fi jáde dupò nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ohun kan ṣoṣo ló ṣèlérí: kí àwọn ará ìlú máa gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n bá fi kan ọlọ́pàá, kí ọlọ́pàá yé dá ara wọn láre. Ó sọ fún wa nílé pé ti ìyàwó òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́.

Níbi tí a ti wá, ẹni tó ń dupò tí kò ní èrò lẹ́yìn ń ṣeré ni. A kó èrò wá. Láràárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ wa á tò lẹ́sẹẹsẹ láti Calgary. Àwọn míì ń bọ̀ tààrà láti ibi iṣẹ́ wọn ní Foothills Industrial, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́. A wọ kóòtù, a so táì, a kan ilẹ̀kùn ní márùn-ún-márùn-ún, a sì kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi máa sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, a ti kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ìlú díẹ̀ yọjú, wọn ò rí ibi jókòó, wọ́n yí padà. A ò bìkítà. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wa fi pọ́n.

Inú kíṣìnnì ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Àǹtí Bísí wà ní gbogbo àkókò náà, ó ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún èrò.

“Túndé,” ó pè mí nígbà tí mo wọlé wá gbé àwo, “nínú àwọn tó wà níta yẹn, ta ló máa dìbò?”

“Gbogbo wọn ni, Àǹtí.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti di citizen ni?”

“Àǹtí, student visa ni mo ṣì wà o.”

“Délé tó ń pàtẹ́wọ́ jù níta yẹn ńkọ́?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PR, ìwé ìgbélùú, kò tíì di citizen. Calgary ló sì ń gbé.”

Ó wò mí, ó bu ìrẹsì sínú àwo míì. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, tó wọlé wá mu omi, gbọ́ ohun tí a ń sọ. “Bísí, má da omi tútù sí wọn lọ́kàn,” ó ní. “Tí wọ́n bá rí wa lọ́pọ̀, wọ́n á mọ̀ pé a ò ṣeré.”

Lọ́jọ́ ìbò, mo pàdé ìyá òyìnbó kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ó ń ti ibi ìdìbò bọ̀. Kò fi bò fún mi rárá.

“Ìyàwó rẹ̀ ni mo mọ̀,” ó ní. “Tó bá jẹ́ òun ló kan ilẹ̀kùn mi, tó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, ǹ bá dìbò fún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ àwọn tó wá rí. Mi ò mọ ìlú tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ló ṣe ìkẹyìn. Ẹni tó ka èsì ṣi orúkọ rẹ̀ pè, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe fún un. Mo retí kí inú bí mi, kò bí mi. Mo retí ẹkún, kò wá. Gbogbo ara mi dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. A wakọ̀ padà sí Calgary, a já ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ sílẹ̀, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ìlú yẹn gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti máa gbọ́ ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wí náà ni. Mo mọ àwọn tí ìgbìmọ̀ yẹn ti gbà sílẹ̀. Èrè wa nìyẹn, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú sétí mọ́. Tí ẹ bá dá a sílẹ̀, á dìde lọ wo ọgbà rẹ̀.

Àǹtí Bísí gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ kí àwọn tó wà, agbára àwọn ò dé ibẹ̀. Aṣọ ló ń ká nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi.

“Ẹ ò bínú ni, Àǹtí?”

“Wọ́n ṣáà ń gbọ́ ti àwọn ẹlòmíì. It's okay.”

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Kò tíì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn aláṣẹ ìlú yẹn tó jókòó níwájú rẹ̀, kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?”