Fóònù Tí Mo Fi Ta Ọ̀gá Púlọ́ńbà Lọ́rẹ

“Ó ku ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kò ní lè fi ojú ìwé yín lórí ìkànnì ọ̀rẹ́ wọ inú áàpù yìí mọ́. Ẹ wọlé kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ fi ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù sí i. Àkọsílẹ̀ tí kò bá ní méjèèjì, a ó pa á rẹ́.”

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni mo yí i sí Yorùbá báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló wọ orí fóònù mi, bí mo ṣe ń wọn páìpù fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Addo. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí oníbàárà jọ̀ọ́ kó ṣe sùúrù fún mi, mo sì wá ibì kan jókòó.

Àkọsílẹ̀ àìsàn ọmọ mi ló wà nínú áàpù yẹn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí ní ásímà láti kékeré. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ni mo ń kọ ohun gbogbo sí: ọjọ́ tí èémí há a, aago tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó fà á, iye ìgbà tó fa oògùn sẹ́nu, aago tó rọlẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí òjò kan rọ̀ tí àgbàrá wọ yàrá wa. Abẹ́ ibùsùn ni ìwé yẹn wà. Nígbà tí omi fà, mo fà á jáde, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, yíǹkì rẹ̀ sì ti di omi aró. Mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí ohun tó ṣeé kà nínú rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn tí a ń lọ nígbà náà ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ ká kó o síbi tí omi ò lè dé.” Ó fi áàpù náà sínú fóònù mi. Ó tún bá mi fi sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí lọ́sàn-án. Bọ́tìnnì méjì ló wà lójú rẹ̀. Ọ̀kan ní kí ènìyàn kọ ímeèlì rẹ̀, kó sì dá páswọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ìkejì, aláwọ̀ búlúù, ní kí ènìyàn kàn fi ojú ìwé tó ti ní lórí ìkànnì ọ̀rẹ́ wọlé. Búlúù ló tẹ̀.

“Páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Kò ní, mà.”

“Kí ni mo máa wá fi ṣílẹ̀kùn?”

“Ìkànnì tí ẹ fi ń wo fọ́tò àwọn èèyàn yín ló máa dáhùn fún yín. Ó mọ̀ yín, áàpù náà sì gbà á gbọ́. Ó parí.”

“Tí kò bá wá dáhùn lọ́jọ́ kan ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin yìí náà! Ibo ló fẹ́ lọ?”

Mo mọ bí ẹlòmíràn ṣe ń dáhùn fún èèyàn. Bí mo bá kó páìpù lọ sí Thomas Estate, mi ò ní káàdì, mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Onílé tó ránṣẹ́ sí mi ló máa sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé òun mọ̀ mí. Mo gbà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ páswọ́ọ̀dù mi sí: Áàpù èémí. Kò ní páswọ́ọ̀dù. Tẹ búlúù.

Bí mo bá rántí ọdún wọ̀nyẹn báyìí, aago méje alẹ́ ni mo máa ń rántí. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré lẹ́yìnkùlé wa á ti dákẹ́, nítorí Addo ìgbà yẹn, ilé ni wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́, eruku sìmẹ́ńtì sì ni olórí ọ̀tá wa. Mo máa ń fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ mi á mú ọ̀pá oníke kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn agbára èémí, tó ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fi èémí fẹ́ ẹ, a ó wo ibi tó gun dé, a ó sì kọ nọ́ńbà náà sínú áàpù. Ó ní dandan ni kí èmi náà máa fẹ́ ẹ, kí ó má baà jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣàìsàn. Lábẹ́ nọ́ńbà, àyè wà láti kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìgbà tó mọ̀wé kọ dáadáa, òun ló gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi. “Mo fẹ́ ju Màámi lọ lónìí.” “Mo wúkọ́ ní kíláàsì, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.” “A jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó tán kíákíá.”

Áàpù náà gbà kí ènìyàn fi ohùn ara rẹ̀ ṣe aago ìránnilétí. Ohùn tirẹ̀ ni a fi sí i, lásìkò tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká: “Màámi, aago méje ti lù o! Ẹ jẹ́ ká fẹ́ ẹ!”

Ọ̀gá púlọ́ńbà kan wà tó ń rajà lọ́wọ́ mi, ará apá Ìwó, mùsùlùmí tó tẹ́tí sí wáàsí ju bó ṣe ń tẹ́tí sí oníbàárà lọ. Òun ló bá wa tún ẹ̀rọ omi wa ṣe lẹ́yìn àgbàrá ọjọ́sí, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo ra fóònù tuntun, mo fi fóònù dúdú àtijọ́ ta á lọ́rẹ. Kí n tó gbé e fún un, mo kọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ yọ kúrò sínú ìwé: síìmù, fọ́tò, àtẹ̀jíṣẹ́, nọ́ńbà àwọn èèyàn. Mo fi àmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Áàpù èémí kò sí nínú ìwé yẹn. Mo ti tẹ búlúù lórí fóònù tuntun, gbogbo àkọsílẹ̀ wa sì ti jáde síbẹ̀. Èrò mi ni pé wọ́n ti kó kúrò nínú ti àtijọ́, bí ẹni kó kúrò nílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí fọ́tò ọmọ mi lórí ojú ìwé ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí. Ojú ìwé tèmi lórí ìkànnì ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti mú un, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé rẹ̀, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ náà ń kú lọ, kí aráyé ṣàánú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti pa ojú ìwé mi rẹ́ pátápátá. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ mi, kó wá sílé.

Áàpù èémí kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí sílẹ̀ lórí fóònù mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mi ò sì ronú kan bọ́tìnnì búlúù. Oṣù méjì ṣáájú ìkìlọ̀ yẹn ni fóònù náà jábọ́ sínú garawa omi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ra òmíràn. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ti bàjẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Mo ti fi áàpù náà sórí òmíràn yìí, ṣùgbọ́n èémí ọmọ mi ti dáa fún ìgbà pípẹ́, a ò kánjú wọlé. Ọjọ́ Ajé tí ìkìlọ̀ dé ni mo tó tẹ búlúù lórí fóònù tuntun. Ohun tó kọ jáde ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì náà.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fèsì pé àkọsílẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ò lè ṣí i fún ẹni tí kò ní ohun tó fi hàn pé tirẹ̀ ni, torí àìsàn ọmọdé ló wà nínú rẹ̀. Inú bí mi. Nígbà tó ṣe, mo rò ó pé ká ní wọ́n ṣí i fún mi torí pé mo sunkún ni, wọn ì bá ṣí i fún ẹni tó jí fọ́tò ọmọ mi náà.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ti gbà á sí ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Fọ́ọ̀mù ìlera wọn béèrè oògùn tí kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ojú àti ètè rẹ̀ wú, tí ọ̀fun rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gún un ti kógbá sílé. Orúkọ abẹ́rẹ́ náà kò sí níbòmíràn àfi inú áàpù èémí. Mo mọ lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ èyí tó kù.

“O ò ní lọ,” ni mo wí.

“Màámi, mo ti dàgbà.”

“Abẹ́rẹ́ kì í béèrè ọjọ́ orí.”

“Ẹ̀yin lẹ pa ojú ìwé yín rẹ́. Ṣé torí ìyẹn ni mi ò ní fi lọ sílé ìwé?”

Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló mú wá. “Fóònù dúdú àtijọ́ yẹn dà? Áàpù náà lè ṣì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.”

Mo ṣí ìwé mi. Ó wà níbẹ̀: Fóònù dúdú, pẹ̀lú ṣájà, fún ọ̀gá púlọ́ńbà. Mo pè é lójú ẹsẹ̀.

“Ọ̀gá, fóònù ọjọ́sí, ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà o, Ìyá Onípáìpù. Ojú rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Àbí ẹ fẹ́ gba ọrẹ yín padà?”

“Rárá o. Áàpù kan ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.”

“Èmi ò mọ áàpù. Wáàsí ni mo fi ń gbọ́, àti ọmọ yín.”

“Ọmọ mi báwo?”

“Ọmọ yín tó máa ń sọ pé aago méje ti lù.”

Mo fò dìde. “Ọ̀gá, ẹ má tẹ nǹkan kan o! Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni tún ṣe! Ẹ má pa á!”

“Ẹ rọra, Ìyá Onípáìpù. Ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé bọ́ǹbù ni mo gbé dání.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ọmọ mi wọkọ̀ lọ sápá èbúté tuntun ní Ìbẹ̀jú, níbi tí ọ̀gá ti ń ṣe omi sí ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó nu fóònù náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wa. A jókòó sórí páálí táìlì. Ọmọ mi tẹ áàpù náà, ó ṣí, kò béèrè ẹni tí a jẹ́. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo ní rárá, ká kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó kọ ímeèlì tirẹ̀ sí i, nọ́ńbà mẹ́fà kan wá sórí fóònù tirẹ̀, ó kọ ọ́ sí i, ó sì dá páswọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni mo tó mí dáadáa. Ó wá orúkọ abẹ́rẹ́ náà rí, ó pè é fún mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo tún ní kó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló ń fi ìka yí i lọ sókè, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún. “Màámi, ẹ wò ó. ‘Mo fẹ́ ju Màámi lọ lónìí.’”

A ṣì wà níbẹ̀ tí aago méje fi lù.

“Màámi, aago méje ti lù o! Ẹ jẹ́ ká fẹ́ ẹ!”

Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ lókè ju irin tó fi ń lẹ sìmẹ́ńtì sínú páànù. “Ọ̀gá, ọmọ ti sọ̀rọ̀ o! A ti ṣíwọ́!” Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ jọ. Ọ̀gá tọ́ka sí ọmọ mi. “Òun nìyí.”

“Irọ́! Ọmọ kékeré aago méje? Ó ti ga tó báyìí?” Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ yẹ̀yẹ́ fún un. “Ìwọ lo máa ń gbà wá lọ́wọ́ ọ̀gá lójoojúmọ́. A dúpẹ́ o, Àǹtí.”

Mo bi ọ̀gá léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun rò pé mo fi sílẹ̀ fún òun ni. Ó ní bí ohùn náà bá ti dún, òun mọ̀ pé àsìkò ìrun alẹ́ ti tó. “Mo máa ń ní kí Ọlọ́hun fún ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí ní àlàáfíà. Mi ò mọ̀ pé olókùnrùn ni.”

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fóònù yẹn fún un ni gbogbo àìsàn ọmọ mi ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àdúrà sì ni ẹni náà fi ń ṣe. Mo mọ̀ pé orí ló bá wa ṣe é. Mo ní kí ọmọ mi yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò lórí fóònù ọ̀gá, ó sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fa ohùn náà yọ sọ́tọ̀, ó sì fi ṣe aago fún un. Òun nìkan ló dá a rò.

Ó ti wà ní Ìbàdàn báyìí. Áàpù èémí wà lórí fóònù rẹ̀. Kò sọ páswọ́ọ̀dù náà fún mi, mi ò sì bi í. Ìlà tí mi ì bá kọ ọ́ sí ṣófo nínú ìwé mi. Bí aago méje bá lù, yàrá wa máa ń dákẹ́ jù, mo sì máa ń ronú kan àwọn bíríkìlà lápá Ìbẹ̀jú tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ wọn jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú fóònù yín lónìí. Ẹ wo gbogbo áàpù tí ẹ fi ojú ìwé ìkànnì wọ̀, kí ẹ fi ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ẹ tó pa ojú ìwé náà rẹ́, kí ẹ sì jáde nínú wọn kí ẹ tó fi fóònù ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.