Ìyá Tí Kì Í Pe Àkọ́bí Rẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí mo fi kọ́ ọmọ nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà, ọ̀kan wà tí n kì í fi ṣeré: bí wọ́n bá pè ọ́, ìpè àkọ́kọ́ ni kí o dáhùn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbé òfin náà wá sílé. Gbogbo ọmọ ilé tí mo ń gbé ní Ìkòsí ló mọ̀ ọ́n.

Àwa tí a ń gbé ilé náà, ìhà Ọ̀yọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti wá. Ìyàwó tó kó wọ yàrá tó kọjú sí tèmi ló ti ibi tó jìn jù wá. Òkè Ọya ló ti wá, òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń ta tòmátì ní Mile 12, ọmọbìnrin wọn tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, àti ìkókó kan tó pọ̀n sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mo bi ìyàwó náà ní orúkọ àkọ́bí rẹ̀, nítorí òun la fi ń pe ìyá ọmọ níbí. Ó tẹrí ba, ó fi etí ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé kò gbọ́ mi ni. Mo tún un bi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Ọmọ náà, tó ti ń wo ojú mi, fọwọ́ lu àyà, ó dárúkọ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìyá rẹ̀.

Ìyàwó náà yára kọ́ ìwà wa. Ó kọ́ ìkúnlẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń kí ẹni tó ń fọṣọ àti ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ohun kan ni kò kọ́: kò pe ọmọbìnrin náà lórúkọ rí. Àtẹ́wọ́ ló fi ń pè é, tàbí “Ke, zo,” ìyẹn “Ìwọ, wá.” Ìkókó ló ń bá ṣeré. Bí àkọ́bí bá sún mọ́ ọn, á gbójú kúrò.

Mo bá a wí. “Ìyàwó, èyí kò dára. Níbí, a máa ń pe ọmọ.”

“Ẹ má bínú, Màmá,” ló wí, ó sì lọ fọ ìkòkò.

Obìnrin tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn a máa fi oríkì jí ọmọ tirẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ Òkè Ọya á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé màmá mi mọ orúkọ mi?”

Ó yẹ kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, “Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ á pè é. Èmi á máa pè ọ́.” Mo fún un ní oríkì, mo sì ń kì í láràárọ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́. Inú mi dùn sí ara mi.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà kò fi dáhùn àtẹ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. “Èmi kì í ṣe adìẹ,” ló wí lọ́jọ́ kan. Ará ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Baba rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Èkó ti bà á jẹ́, kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi. Kò jókòó.

“Màmá, ẹ sọ fún un kó máa dá mi lóhùn. Baba rẹ̀ á sì jẹ́ kó dúró níbí.”

“Ìwọ náà pè é.”

“Àkọ́bí ni. A kì í pe àkọ́bí. Màmá mi ò pè mí rí títí ó fi kú. Kunya ni.”

“Ìtìjú?”

“Ẹ̀yin ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù, Màmá. Ìyẹn ni mi ò fi lè pè é.” Ó nu ojú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà, ẹ má pè é mọ́.”

Mo ṣèlérí fún un. Mo mú ọmọ náà jókòó, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ á pè é?” Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Èyí, tèmi ni, n kò sì rí ohun tí mo lè fi pa á rẹ́.

Kò dáhùn àtẹ́wọ́ ìyá rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ tó já tòmátì sílẹ̀ ní Mile 12 ló gbé e lọ sí Òkè Ọya, òun àti àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Àbúrò baba rẹ̀ ló wá mú un. Ọmọ náà dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń to abọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, “Pè é. Lẹ́ẹ̀kan péré.” Ẹnu rẹ̀ ṣí. Ohùn kò jáde. Ọmọ náà wá yíjú sí mi. Mo ti ṣèlérí, mo dákẹ́. Ó lọ láìsí ẹni tó pè é.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú wa. Bí baba bá tẹ fóònù sí Òkè Ọya, ọmọ náà kì í fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orúkọ ọmọ la ṣì fi ń pe ìyá náà. Bí wọ́n bá pè é láti ìdí kànga, kì í dáhùn. Á dá ohun tó ń ṣe dúró, á tẹ́tí sí orúkọ náà, títí wọ́n á fi pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ṣé etí ẹ di ni?” ni wọ́n máa ń wí.

N kì í bá a wí. Bí mo bá ní nǹkan ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, màá rọra pè é, màá dúró díẹ̀, màá sì tún un pè.